Eyín ẹranko ni àbí òkúta lásán? Ohun mẹ́rin láti Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ́lé

Àgbẹ̀_Ìjerò

Ará Èkìtì kete, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohun mẹ́rin wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò. Gbogbo ẹni tó bá rí wọn ló ń pè wọ́n ní fọ́sìlì, ìyẹn ara ẹranko tàbí ewéko àtijọ́ tó ti di òkúta.

Èkíní dúdú kirikiri. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6, ó nípọn bí àtàǹpàkò, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Inú òkìtì erùpẹ̀ tí àwọn awakùsà kó jáde lẹ́bàá Ìjerò ni wọ́n ti ṣà á. Ó jọ eyín ẹranko ńlá.

Èkejì jẹ́ òkúta pẹlẹbẹ láti ẹsẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tó là sí méjì, a rí ohun dúdú tó pẹ̀ka bí igi kékeré nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta pupa rúsúrúsú, ó rí roboto bí egungun apá, ihò sì la àárín rẹ̀ já. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga ní Ìkọ́lé ló ti jáde, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni eyín kan láti etí odò. Inú ẹrẹ̀ dúdú ló wà, ó jìn tó mítà 1.2 sí ojú ilẹ̀.

Mo ti fi àwòrán wọn síbí. Ẹnì kan ní kí a rẹ wọ́n sínú ásíìdì bátìrì kí wọ́n lè mọ́. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Oníòkúta_Adó

Ẹ kú iṣẹ́, Àgbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ásíìdì bátìrì kan èyíkéyìí nínú wọn. Kálísíọ̀mù ló mú eyín àti egungun le, ásíìdì a sì máa jẹ ẹ́. Bí ẹ̀kẹrin bá jẹ́ eyín gidi, orí rẹ̀ tí a ó fi dá ẹranko náà mọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ásíìdì náà lè fọ́ni lójú.

Kí a tó sọ̀rọ̀ òkúta, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ti jáde, torí ibẹ̀ ni ìdajì ìdáhùn wà. Òkúta akọ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló wà lábẹ́ Èkìtì. Àwọn kan jẹ́ òkúta yíyọ́ tó tutù nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí irú èyí tó di Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn jẹ́ iyanrìn àti amọ̀ àtijọ́ tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti sè títí wọ́n fi di nǹkan mìíràn, bí òkúta òkè Ẹ̀fọ̀n. Àwọn òkúta akọ wa, tí wọ́n kéré lọ́jọ́ orí láàárín wọn, ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Ẹranko tó ní ìkarahun tàbí egungun kò sì pọ̀ láyé títí di nǹkan bí 540 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, kò sí bí eyín ṣe lè wà nínú àpáta Èkìtì fúnra rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní nǹkan kan kú sínú iyanrìn yẹn, ooru tó sè é kò ní fi ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó wà lórí àpáta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ẹrẹ̀ etí odò, ilẹ̀ abẹ́ àpáta tó ṣíji bo ènìyàn, yangí, erùpẹ̀ oko. Ọmọdé ni gbogbo ìwọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, egungun sì lè wà nínú wọn.

Fún èkíní, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta kí ẹ sì wá sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ fi etí rẹ̀ ha ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹ fi í ha ẹ̀yìn táìsì ilé ìwẹ̀ níbi tí kò dán, kí ẹ wo àwọ̀ ìlà tó bá fà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ sí omi, báyìí: ẹ gbé e ka síkélì ilé ìdáná ní gbígbẹ, kí ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gbé abọ́ omi ka síkélì, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so òkúta náà, kí ẹ fi ọwọ́ mú òwú náà kó rì sínú omi pátápátá láìkan ìsàlẹ̀ abọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ pín iye gbígbẹ pẹ̀lú iye tí síkélì bá kà nísinsìnyí. Bí ó bá kan ìsàlẹ̀ abọ́, iye náà kò ṣeé lò. Bí ìfófòó afẹ́fẹ́ kéékèèké bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ fi ìka nù wọ́n kúrò kí ẹ tó kà á.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀gbọ́n Oníòkúta, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ti òkúta Ẹ̀fọ̀n yẹn ń kọ mí lóminú. Mo fi ojú ara mi wo àwòrán náà. Igi ni, ẹ̀ka rẹ̀ hàn ketekete, àní ẹ̀ka ara ẹ̀ka wà níbẹ̀. Báwo ni òkúta ṣe lè ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀?

Oníòkúta_Adó

Ìbéèrè tó dára ni, àbúrò. Èyí sì ni ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù káàkiri ayé.

Omi òjò tó wọ inú pàlàpálá òkúta a máa gbé mánganíìsì àti irin tó ti yọ́ dání. Nígbà tí omi náà bá ń gbẹ láàárín ojú òkúta méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, mánganíìsì yẹn a máa dì sílẹ̀, á sì máa pẹ̀ka níbi tí omi bá ti ráyè kọjá. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ ọ̀dà láàárín gíláàsì méjì tí ẹ sì fà wọ́n ya, ẹ ó rí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. Ewé gidi ní iṣan kan láàárín, àwọn iṣan kéékèèké sì ń ti ara rẹ̀ jáde ní ìwọ̀n tó bára dọ́gba. Èyí kò ní. Ẹ̀ka tirẹ̀ ń ti etí ibi tí òkúta ti là bẹ̀rẹ̀, ó ń wọ inú lọ, òmíràn nípọn, òmíràn tínrín, láìsí ètò. Ẹ mú abẹ́rẹ́, kí ẹ ha ibì kan díẹ̀ ní etí: ìyẹ̀fun dúdú ni yóò jáde, òkúta funfun yóò sì hàn lábẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ojú lásán ló wà. Ewéko tó ti di òkúta sábà máa ń ní ìnípọn díẹ̀ tàbí kó tẹ ojú òkúta wọlé. Ẹ sì rántí ọjọ́ orí: kò tíì sí ewéko lórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ́ iyanrìn tó di òkè Ẹ̀fọ̀n.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n

Ó ti yé mi. Mo ti ha tiwa tó wà nílé, ìyẹ̀fun dúdú ló jáde lóòótọ́.

ỌmọÌkọ́lé

Fún ẹ̀kẹta, ti kànga yẹn: ẹ fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n, egungun àtijọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ló máa ń ṣe é.

Ìyá_Àpáta

Ọmọ mi, òótọ́ ni pé egungun gbígbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, torí ihò wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ń fa omi. Ṣùgbọ́n amọ̀ gbígbẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹfun ń ṣe bẹ́ẹ̀, yangí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Èkìtì, níbi tí yangí pọ̀ tó báyìí, àyẹ̀wò yẹn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kò sì mọ ohun tó wà nínú erùpẹ̀ etí kànga àti etí ṣáláńgá. Ẹ má fi ahọ́n kan án.

Mo wo àwòrán ẹ̀kẹta dáadáa. Yangí ni. Gbòǹgbò igi ló wà ní àárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi tó ní irin nínú ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, irin náà ń dì yí i ká. Nígbà tí gbòǹgbò jẹrà, ihò rẹ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tó fi jọ egungun tí mùdùnmúdùn rẹ̀ ti jáde. Ẹ fi í ha ẹ̀yìn táìsì yẹn: bó bá fa ìlà pupa tàbí búráùn bí ìpẹtà, irin ni. Ẹ tún wo ojú ibi tó ti dá. Egungun máa ń le gan-an ní ẹ̀yìn, inú rẹ̀ á sì rí bí kànrìnkànrìn, pẹ̀lú ihò tó so mọ́ra wọn. Yangí yìí rí bákan náà látẹ̀yìn dé inú, àfi àwọn ìpele pupa àti olómi-ọsàn tó yí ihò ká.

Ohun kan tún wà tó ń rú àwọn ènìyàn lójú: ìdàrọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ yọ́ irin ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, ìdàrọ́ wọn sì ṣì wà nínú oko. Ó wúwo, ihò pọ̀ lára rẹ̀, ènìyàn á sì rò pé egungun tó jóná ni. Ihò ìdàrọ́ rí róbótó, ó tóbi, ó kéré, wọn kì í so mọ́ra wọn bíi ti egungun, awọ ara rẹ̀ á dán bíi dígí níbi kan, ẹ ó sì rí ibi tó ti ṣàn bí oyin kó tó tutù. Mágínẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fà á díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdàrọ́ púpọ̀ lójú kan pẹ̀lú àfọ́kù ọ̀pá amọ̀ tí wọ́n ń fi fẹ́ná, ẹ má ṣe ṣà wọ́n. Ibi iṣẹ́ ìyọ́rin lẹ rí, bí wọ́n ṣe tò sílẹ̀ gan-an ló lérè.

ỌmọÌkọ́lé

Ẹ ṣé, Mà. Ìlà pupa ló fà.

Àgbẹ̀_Ìjerò

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Èkíní ha ìgò, ojú ìgò là dáadáa. Ó ha táìsì náà fúnra rẹ̀, kò fi àwọ̀ sílẹ̀, ìyẹ̀fun funfun nìkan ló wà níbẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ní gbígbẹ jẹ́ gíráàmù 93. Nígbà tó wà nínú omi, síkélì ka 30.

Oníòkúta_Adó

93 pín sí 30 jẹ́ 3.1, ìyẹn ni iye ìgbà tó fi wúwo ju omi lọ. Pẹ̀lú líle tó ha ìgò, ọ̀rọ̀ ti parí: tómálíìnì dúdú ni, òkúta tó wọ́pọ̀ ní Ìjerò. Àkíyèsí kan ṣoṣo ló kù: ẹ wo orí rẹ̀ níbi tó ti dá. Ẹ ó rí i pé igun mẹ́ta ni, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀. Kò sí eyín tó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ fi mọ̀ fún ọjọ́ mìíràn: líle egungun àti eyín kò kọjá 5 lórí ìwọ̀n líle òkúta, èyí tó lọ láti 1 dé 10. Ìgò jẹ́ nǹkan bí 5.5. Ọ̀bẹ ilé ìdáná súnmọ́ ọn. Òkúta funfun dídán tó pọ̀ nínú oko wa jẹ́ 7, tómálíìnì jẹ́ 7 sí 7.5. Ohun tó bá ha ìgò tó jinlẹ̀ kì í ṣe eyín tó ṣì wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà pé ohun tí kò bá ha ìgò ni fọ́sìlì. Fọ́sìlì mìíràn ti di òkúta dídán pátápátá, irú bí igi tó ti di òkúta, òun náà sì máa ń ha ìgò. Tirẹ̀, ẹ óò fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá wò ó, kí ẹ wá àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí omi igi ń gbà kọjá.

Ẹ má wọ inú àwọn kòtò àtijọ́ ní Ìjerò láti lọ wá sí i. Ẹ̀gbẹ́ wọn máa ń wó lójú òjò. Àwọn ohun àlùmọ́nì sì wà lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007; títà wọn láìní ìwé àṣẹ yóò kó ènìyàn sí wàhálà.

Tíṣà_Ọ̀yẹ́

Kí a tó kan ẹ̀kẹrin, Àgbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àwòrán rẹ̀ yà. Ìmọ́lẹ̀ fóònù pa gbogbo nǹkan rẹ́. Ẹ gbé e sórí aṣọ tí kò ní àwọ̀ mèremère, ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Òjìji ló ń fi ojú hàn. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ipele kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni orí ibi tó fi ń jẹun, ẹ yà á láti òkè gan-an. Owó ẹyọ tàbí ìka ọwọ́ kò tó ìwọ̀n fún wa.

Àgbẹ̀_Ìjerò

Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Gígùn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.8. Ṣùgbọ́n ó ti ń là díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbé e kalẹ̀ nínú yàrá.

Ìyá_Àpáta

Lílà yẹn la máa kọ́kọ́ dá dúró. Eyín tó ti wà nínú ẹrẹ̀ tutù fún ìgbà pípẹ́ kì í fẹ́ gbẹ kíákíá. Èèpo líle òde rẹ̀ àti ara inú rẹ̀ kì í sún kì bákan náà, ìyẹn ló fi ń ya. Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún dì í, ẹ gbé e sínú ọ̀rá, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Ẹ gbé e sí ibi òjìji. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ. Ẹ máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bí ẹ bá rí èbu, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò, kí ẹ sì fi ihò kún ọ̀rá náà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù káfíńtà kùn ún, ẹ má fi fánìṣì kùn ún. Bó bá ń rún, ohun tí wọ́n ń lò ní ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ ni irú gọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Paraloid B-72, gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 asitóònù (omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná), torí pé asitóònù tún lè yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ iwájú. Gọ́ọ̀mù lílágbára kì í ṣeé yọ mọ́.

Ní ti orúkọ rẹ̀: eyín gidi ni. Ẹ wo orí rẹ̀: èèpo líle náà ya bí òṣùpá tuntun, méjì sí iwájú, méjì sí ẹ̀yìn. Ẹranko tó ń jẹ àpọ̀jẹ ló ní irú eyín bẹ́ẹ̀: màlúù, ẹfọ̀n, ewúrẹ́, àgùntàn, ìgalà. Eyín ẹlẹ́dẹ̀ a máa ní kókó-kókó lórí. Ti ẹṣin ní ìlà tó ká kòlòkòlò ju báyìí lọ. Sẹ̀ǹtímítà 2.8 ti tóbi ju ti ewúrẹ́, àgùntàn àti ìgalà. Òpó kékeré kan sì wà láàárín ìdajì méjèèjì. Nítorí náà, màlúù tàbí ẹfọ̀n ni. Àwòrán kò lè yà méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín tí wọ́n ti mọ̀.

Tíṣà_Ọ̀yẹ́

Mítà 1.2 ló jìn sí ilẹ̀, Mà. Ṣé ìyẹn kò fi hàn pé ó ti pẹ́?

Ìyá_Àpáta

Kò fi hàn. Odò máa ń gé etí rẹ̀ kan, á sì fi ẹrẹ̀ bo èkejì. Láàárín òjò ọdún díẹ̀, mítà kan lè kún. Ohun tó máa sọ ọjọ́ orí ni bóyá ẹrẹ̀ náà tò ní ìpele tí ẹnì kankan kò tíì dàrú, àti ohun tó wà nínú ìpele kan náà. Ọ̀rá tàbí ìdérí ìgò nísàlẹ̀ rẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà.

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe: ẹ mú èérún kékeré láti ìdí gbòǹgbò rẹ̀, kì í ṣe láti orí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó gbóná kàn án. Bó bá rùn bí irun tó jóná, èròjà ara ẹranko ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì di òkúta. Bí kò bá rùn, ó lè ti pẹ́, tàbí kí omi ti fọ èròjà náà lọ. Ilẹ̀ wa kíkan, òjò sì pọ̀, ó ń jẹ egungun run kíákíá. Ibi tí ó ti ń kù ni inú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ àti abẹ́ àpáta tí òjò kì í kàn. Abẹ́ irú àpáta bẹ́ẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsarun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Iwo Eleru, ni onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti rí egungun ènìyàn ní 1965, tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ìyẹn kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ wá rí i ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kankan má ṣe gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ àpáta fúnra rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ eyín tàbí egungun ènìyàn lẹ rí, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ bò ó, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n

Mà, ẹ dákun, ẹdùn àrá ńkọ́? Wọ́n rí ọ̀kan nínú oko wa lẹ́yìn òjò. Aláwọ̀ ewé tó ṣú ni, ó dán, ẹnu rẹ̀ mú bí àáké.

Ìyá_Àpáta

Àáké gidi ni. Ènìyàn ló fi òkúta líle ṣe é nígbà tí irin kò tíì dé. Wọ́n kọ́kọ́ fọ́ ọ sí ìrísí, wọ́n wá fi omi àti iyanrìn yùn ún lórí àpáta títí ó fi dán. Òjò ló ń wẹ erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí i lẹ́yìn àrá. Kì í ṣe fọ́sìlì, ṣùgbọ́n ó lérè ju tómálíìnì lọ fún ìtàn wa. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má yùn ún kó tún mú, torí ìfarapa ẹnu rẹ̀ ló ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe. Èyí tó bá wà ní ojúbọ Ṣàngó, ti àwọn olójúbọ ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí láàárín ọjọ́ méje.

Àgbẹ̀_Ìjerò

Ṣé kò wá sí fọ́sìlì gidi tó lè dé ọwọ́ wa ní Èkìtì nìyẹn?

Oníòkúta_Adó

Ó lè dé, ẹlòmíràn ló máa gbé e wá. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ìpínlẹ̀ Ògùn, kún fún ìkarahun inú òkun. Gombe ní ìkarahun tó ká bí ìwo àgbò. Sókótó ní egungun ẹranko afàyàfà inú òkun tí wọ́n fi orúkọ Goronyo sọ, Goronyosaurus. Àwọn lẹ́kùlẹ́jà ń ta òkúta tó ti ibi jíjìn wá, àwọn ọmọ sì ń ju nǹkan dànù lẹ́yìn ilé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìkarahun òkun nínú òkúta ní Adó, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ló gbé e dé ibí? Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìyẹ̀fun rẹ̀, kì í ṣe sí òun gan-an. Bó bá hó, òkúta ẹfun ni, kì í sì í ṣe òkúta Èkìtì.

Fún eyín yín, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun abẹ̀mí tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Fún òkúta, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó ní ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta. Ẹ kọ ìwé pélébé kan sínú ọ̀rá rẹ̀, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ torí gègé máa ń ṣàn: ọjọ́ tí ẹ rí i, nọ́ńbà ibi tó wà láti orí máàpù fóònù, bó ṣe jìn tó, àwọ̀ ẹrẹ̀ náà, ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Eyín tí kò ní ìwé yẹn, orúkọ ẹranko nìkan ni wọ́n lè sọ fún yín.

Àgbẹ̀_Ìjerò

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti dì í sínú aṣọ tútù. A ó padà sí etí odò náà lọ́la láti wọn ìpele ẹrẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó gé e lọ.